Káńsù ní àwọn máa gbẹ́ gọ́tà kí òjò tó dé: ta ló máa kó ẹrẹ̀ rẹ̀ lọ?

Akọ̀wéÀdúgbò (Ilésà)

Mo kí gbogbo ilé. Ẹ kú ojú lọ́nà òjò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, káńsù wa pe àwọn aṣojú àdúgbò sí gbọ̀ngàn wọn, èmi sì lọ lórúkọ ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa. Alága wà níbẹ̀, àwọn káńsẹ́lọ̀ wà níbẹ̀, ọ̀gá àwọn wolé-wolé náà jókòó. Wọ́n ka àwọn ìpinnu tí wọ́n ti ṣe sí wa létí. Wọ́n máa gbẹ́ gọ́tà ńlá tó ti ẹ̀yìn ọjà sọ̀kalẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Wọ́n máa tún àwọn iná sólà tó ti kú ṣe. Àwọn tó ń pàtẹ lórí gọ́tà máa kúrò níbẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà ò ní dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ́. Wọ́n tún máa ra tọ́ọ̀ṣì àti bàtà òjò fún àwọn ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ wa lóru.

Gbogbo rẹ̀ ló dára, mo sì pàtẹ́wọ́ fún wọn tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dìde tí mo béèrè pé, “Ẹ̀yin ọ̀gá wa, bí wọ́n bá gbẹ́ gọ́tà yẹn tán, ibo ni ẹrẹ̀ rẹ̀ ń lọ?”, kò sẹ́ni tó rí èsì fún mi. Wọ́n ní àwọn á wò ó.

Ìdí tí mo fi béèrè rèé. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbẹ́ gọ́tà yìí, nǹkan kan náà ló ń ṣẹlẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ á wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì, wọ́n á wa ẹrẹ̀ dúdú jáde, tòun ti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ike àti àkísà, wọ́n á kó o jọ sétí gọ́tà ní òkìtì òkìtì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n á gba owó wọn, wọ́n á lọ. Ẹrẹ̀ yẹn á gbẹ lójú oòrùn, á kúná bí èlùbọ́, ọkọ̀ á máa tẹ̀ ẹ́ kọjá, ọmọdé á máa gun orí rẹ̀ ṣeré. Nígbà tí òjò ńlá àkọ́kọ́ bá rọ̀, gbogbo rẹ̀ á wọ́ padà sínú gọ́tà tí wọ́n ti sanwó gbígbẹ́ rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, omi wọ ilé ìyá àgbà kan ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa lóru. Ẹní wọn, àpò gààrí wọn, ìwé ilé ìwé àwọn ọmọ-ọmọ wọn, gbogbo rẹ̀ ló rin gbingbin. Èmi ni mo bá wọn sá ìwé náà sórí páànù lọ́jọ́ kejì. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ti lẹ̀ pọ̀, kò ṣeé kà mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Kí ni ká kọ, ta ni ká kọ ọ́ sí, báwo la ṣe máa ṣe é kí ìpinnu tí wọ́n kà jáde yìí di iṣẹ́ tó parí?

ỌmọÒkèsà

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Mo ti fi ìdí kalẹ̀ síbí, ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo wa.

BàbáWoléWolé

Akọ̀wé, ẹ kú akitiyan. Iṣẹ́ wolé-wolé ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì sí mi. Àwọn àgbà ní bí a gbálẹ̀ gbálẹ̀, ààtàn là ń kó o sí. Ẹni tó gbẹ́ gọ́tà tó fi ẹrẹ̀ sílẹ̀ sétí rẹ̀ kò tíì ṣiṣẹ́, ì báà fi òógùn wẹ̀.

Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, níbi tí gọ́tà ti ń da omi sódò, wọ́n á wá máa gbẹ́ ẹ bọ̀ sókè. Bí wọ́n bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, omi tí wọ́n tú sílẹ̀ á ru ẹrẹ̀ lọ síbi tó ṣì dí, ìsàlẹ̀ á wá dí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹrẹ̀ tútù sì wúwo, ó máa ń kán sójú títì kiri, ìdí nìyẹn tá a fi ń jẹ́ kó ṣẹ́ omi di ọjọ́ kejì. Ọjọ́ kejì yẹn gan-an ni típà gbọ́dọ̀ dé. Kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kì í ṣe ìgbà tí owó bá jáde.

Ẹ má sì gbàgbé ihò abẹ́ títì, ibi tí gọ́tà ti ń gba abẹ́ ọ̀nà kọjá. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rá ń há sí. Wọ́n lè gbẹ́ gọ́tà mọ́ tónítóní lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kí ihò yẹn ṣì dí pa, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ rá wọ ibẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ wò ó fúnra yín kí ẹ tó fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ ti parí. Bí ẹ bá dúró lápá kan tí ẹ ò rí ìmọ́lẹ̀ lápá kejì, wọn ò tíì ṣe é.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, kó rántí Ìbàdàn. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, àgbàrá òjò ọjọ́ kan ṣoṣo pa ju ènìyàn 100 lọ níbẹ̀, Ògùnpa sì ti kọ́kọ́ ṣọṣẹ́ irú ẹ̀ lọ́dún 1980. Ìdọ̀tí tó dí ojú omi àti ilé tí wọ́n kọ́ sójú omi wà lára ohun tó fà á.

ÌyáAláṣọ

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi wà lára àwọn tí wọ́n ní kó kúrò. Orí gọ́tà gan-an ni mo ń pàtẹ sí, mi ò ní fi pa mọ́. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ẹrẹ̀, ẹnì kan ò tíì béèrè pé ibo làwa máa lọ. Owó ṣọ́ọ̀bù inú ọjà ò ká wa. Ojú ibẹ̀ ni mo ti tọ́ ọmọ, wọ́n sì ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún wa níbẹ̀ lárààárọ̀. Bí kò bá yẹ ká wà níbẹ̀, kí ló dé tí wọ́n fi ń gbowó ibẹ̀ lọ́wọ́ wa?

Mi ò sọ pé kí omi wọlé ìyá àgbà o. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Èmi náà ní ìyá nílé. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lé wa, kí wọ́n fi ibi tá a máa lọ hàn wá. Kí wọ́n má kàn gbé katakata wá lọ́jọ́ kan.

Akọ̀wéÀdúgbò

Ìyá Aláṣọ, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́. Èmi ò fẹ́ kí wọ́n lé yín láìsí ibi tí ẹ máa lọ. Ẹ jẹ́ ká fi kún ìwé tá a máa kọ. Bàbá, ǹjẹ́ ọ̀nà wà tí wọ́n fi lè gbẹ́ gọ́tà láìlé gbogbo wọn?

BàbáWoléWolé

Ọ̀nà wà dáadáa. Ohun tó ń fa wàhálà ni kọnkéré tí wọ́n dà bo gọ́tà látòkè délẹ̀ ní àdàlù kan. Kò sẹ́ni tó lè ṣí i, àfi kí wọ́n fi òòlù fọ́ ọ. Bí wọ́n bá da á ní pẹpẹ kéékèèké, tí wọ́n fi irin sí i lápá méjèèjì bí ibi ìdìmú, ọkùnrin méjì á gbé e sókè, wọ́n á gbẹ́ abẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì dá a padà kí ọjà tó kún. Kí ìyálọ́jà bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ ọ́ pé ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbẹ́ gọ́tà, kò sẹ́ni tó ń pàtẹ títí di ọ̀sán. Ẹni tó wà lórí ihò abẹ́ títì nìkan ni mi ò rí ọ̀nà fún. Ẹni yẹn gbọ́dọ̀ kúrò, káńsù ló sì yẹ kó wá ààyè fún un nínú ọjà, torí ọwọ́ wọn ni ọjà wà.

ÌyáAláṣọ

Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n. Èyí tẹ́ ẹ sọ yìí, a lè fara mọ́ ọn. Ọjọ́ kan a ò kú. Ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n lé gbogbo wa pátá ló bà mí nínú jẹ́. Mo máa gbé e dé ọ̀dọ̀ ìyálọ́jà wa.

AmòfinKékeré

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí n dá sí i níbi tí òfin dé. Ẹni tí kò mọ ilẹ̀kùn tó yẹ kó kàn máa ń fi gbogbo ọdún rìn lásán.

Àfikún Kẹrin nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 ló ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀. Ó fi ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìpẹran àti ilé ìyàgbẹ́ gbogbogbò sọ́wọ́ wọn. Ó fi ọ̀nà àdúgbò, iná títì àti gọ́tà sọ́wọ́ wọn. Kíkó ìdọ̀tí, ìtẹ́ òkú, sísọ títì lórúkọ àti fífi nọ́ńbà sára ilé, kíkọ orúkọ ọmọ tuntun, òkú àti ìgbéyàwó sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Nítorí náà gọ́tà yìí àti iná sólà yẹn, iṣẹ́ tiwọn ni. Àánú kọ́ ni wọ́n ń ṣe wá, kò sì yẹ ká máa dọ̀bálẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún un.

Ohun tí kò sí lọ́wọ́ wọn ni ọlọ́pàá, tó wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀, àti panápaná, tó wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Títì ńlá tó ti Ìbàdàn gba Ilé-Ifẹ̀ wá sí Ilésà tó tún lọ Àkúrẹ́, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Àjọ FERMA tí òfin dá sílẹ̀ lọ́dún 2002 ló ń tún irú ẹ̀ ṣe. Bí ilé ìwé tẹ́ ẹ ń sọ yẹn bá wà létí títì yẹn, káńsù ò lè ṣàdédé da bọ́ǹpù síbẹ̀, wọ́n máa kọ̀wé ni. Bó bá wà lórí ọ̀nà àdúgbò, ọwọ́ wọn ló wà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa sọ pé káńsù ò lówó, mo gbọ́ yín. Lọ́jọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, níwọ̀n ìgbà tó bá jẹ́ pé àwọn ará ìlú ló dìbò yan àwọn tó wà níbẹ̀. Àmọ́ ní Ọ̀ṣun níbí, gbogbo wa la rí 2025. Àríyànjiyàn lórí ta ló ni àga bẹ́ sílẹ̀ kárí ìjọba ìbílẹ̀ 30, owó tó yẹ kó ti Àbújá wá dá dúró, òṣìṣẹ́ jókòó sílé. Ìyẹn ò sọ iṣẹ́ náà di ti ẹlòmíràn. Ohun tó sọ fún wa ni pé ká béèrè ohun tó kéré, tó sì ṣe kedere, ká sì ní ìwé lọ́wọ́.

ỌmọÌjẹ̀ṣàÈkó

Ẹ kú ilé o. Èkó ni mo wà, àmọ́ ilé bàbá mi kò jìnnà sí gọ́tà yìí, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó máa ń dùn mí tí mo bá wálé fún ọdún Ìwúdè tí mo sì rí i bí ibẹ̀ ṣe rí. Èwo ni ti ìwé kíkọ? Oṣómàáló ni wá! Àwọn baba wa ò dúró de káńsù kí wọ́n tó kọ́ ilé ìwé fún ara wọn. Ilé ìwé gírámà Ilésà ti wà láti 1934. Ẹ jẹ́ ká dáwó. Mo máa san owó típà méjì lónìí, kí ẹlòmíràn mú ṣọ́bìrì wá, ká parí ẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀.

Akọ̀wéÀdúgbò

Àbúrò mi, Ọlọ́run á bù sí àpò rẹ. Mi ò ní kọ owó típà o, ẹnikẹ́ni tí omi bá ti wọlé rẹ̀ rí ò ní kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi. A ti dáwó rí ládùúgbò wa. Ẹ̀rọ omi tá a fi owó ara wa gbẹ́ wà níbẹ̀, a ń tún un ṣe fúnra wa. Títì tó wọ àdúgbò, àwa la da òkúta sí i. Àwọn ọlọ́dẹ, àwa là ń san owó wọn. Bí a bá tún gba gọ́tà ńlá yìí, tó gba ẹ̀yìn ọjà kọjá, tí omi gbogbo òkè ń wọ inú rẹ̀, ó ti di tiwa nìyẹn. Lọ́dún tó ń bọ̀, bí a bá débẹ̀, wọ́n á ní ṣebí ẹ̀yin lẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Káńsù ti fẹnu ara wọn sọ níwájú wa pé àwọn máa ṣe é. Mi ò fẹ́ gba ọ̀rọ̀ yẹn kúrò lẹ́nu wọn.

ỌmọÌjẹ̀ṣàÈkó

Ẹ̀gbọ́n, ó yé mi, àmọ́ òjò ò ní dúró dè wá. Bí òjò ńlá bá dé kí wọ́n tó dá yín lóhùn ńkọ́? Ìyá àgbà yẹn ò lè fi ìwé bo ilẹ̀kùn.

BàbáWoléWolé

Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre. Ẹ jẹ́ kí káńsù gbẹ́ ẹ, kí ẹ̀yin múra típà sílẹ̀. Bí ti wọn ò bá dé lọ́jọ́ kejì, tiyín á kó o, ẹ ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀yin lẹ kó o àti iye tó ná yín. Kíkó rẹ̀ ló ń bọ́ lọ́wọ́ wọn jù lọ, torí ẹni tí wọ́n ń gbé iṣẹ́ gbígbẹ́ fún kì í sábà jẹ́ ẹni tó ní típà.

Ọlọ́kadàErejà

Mo kí gbogbo yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, torí àwa ni wọ́n dárúkọ.

Òótọ́ ni pé ibẹ̀ há láago méjì ọ̀sán. Àwọn ọmọ á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kadà á tò sẹ́nu géètì, ọkọ̀ tó ń bọ̀ ò ní rí ọmọ tó bá bẹ́ jáde láàárín wa. Ẹ̀rù ọjọ́ tí ìyẹn máa di ẹjọ́ ń ba èmi náà, mo lọ́mọ nílé ìwé yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn òbí ló ń pè wá pé ká wá gbé ọmọ àwọn. Bí wọ́n bá ní ká kúrò, wọ́n máa wá wa lọ ni. Ààyè wà ní ìsàlẹ̀, lẹ́yìn igi máńgòrò, tí àwọn ọmọ lè rìn dé láìkọjá títì. Kí káńsù fi ọ̀dà kun ibẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ibùdó ọlọ́kadà ni. Alága ẹ̀ka wa máa rí i pé kò sẹ́ni tó kọjá ibẹ̀. Kí ilé ìwé náà fi tíṣà kan sẹ́nu géètì fún ìwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ń jáde.

Ó tún ku kan. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa ní nọ́ńbà 122 lórí fóònù, ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó nìyẹn bí ìjàǹbá ọkọ̀ bá ṣẹlẹ̀, àti 112 tó jẹ́ ti pàjáwìrì gbogbo. Àwọn ará wa kan máa ń dúró wo ẹni tó ṣubú, wọn ò mọ ẹni tí wọ́n máa pè.

OníwáyàSólà

Ẹ kú ọ̀rọ̀ àdúgbò. Iná ni mo fẹ́ sọ, iṣẹ́ mi ni.

Kí wọ́n má ra iná tuntun kí wọ́n tó yẹ èyí tó wà níbẹ̀ wò. Nínú àwọn tí mo ti gun òpó lọ wò, ohun tó sábà ń kú ni bátìrì. Bátìrì olómi kì í sábà ju ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin lọ nínú ooru tiwa yìí, àwọn kan ò tó bẹ́ẹ̀, nígbà tí gílóòbù àti pánẹ̀lì ṣì wà láàyè. Bátìrì líthíọ́ọ̀mù ń pẹ́ jù ú lọ dáadáa. Òmíràn, kò sóhun tó ṣe é, ewé igi ló bo pánẹ̀lì rẹ̀, tàbí eruku ọ̀gbẹlẹ̀ tó ti di pẹlẹbẹ lórí rẹ̀. Mo ti rí èyí tí wọ́n kọjú pánẹ̀lì rẹ̀ sí àríwá. Lọ́dọ̀ wa níbí, gúúsù ni pánẹ̀lì yẹ kó kọjú sí, kó dagun díẹ̀ kí òjò lè fọ̀ ọ́.

Ẹ ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà sára òpó kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dà ni, kò ná wọn lówó. Bí iná bá kú, ẹ ó lè sọ pé òpó 14 ló kú, dípò “èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìyá alákàrà”. Kí wọ́n sì fi àpótí irin oníkọ́kọ́rọ́ bo bátìrì, kí wọ́n gbé e sókè lórí òpó. Èyí tí wọ́n gbé sílẹ̀, olè ń jí i.

ÌyáOnílé

Ẹ dákun, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ kànga kún un. Omi gọ́tà tó ya wọlé ń wọ kànga wa. Ẹ rántí kọ́lẹ́rà 2021, ó pa ju ènìyàn 3,500 lọ ní Nàìjíríà.

BàbáWoléWolé

Òótọ́ ni, Ìyá Onílé. Kí kànga jìnnà sí ṣáláńgá tó mítà 30, kí ẹnu rẹ̀ ga kúrò nílẹ̀, kó sì ní ìdérí. Bí omi gọ́tà bá ti wọ inú rẹ̀, ẹ má mu ún títí àwọn wolé-wolé á fi wá da oògùn sí i. Ẹ máa sè é.

ọmọLágéré_Ifẹ̀

Ẹ kú ilé Ìjẹ̀ṣà o. Láti Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti ń kà. Mo fẹ́ béèrè ohun kan lọ́wọ́ Akọ̀wé: níbo ni gọ́tà náà ti ń da omi rẹ̀ sí? Torí ìlú yín jọ tiwa, ìjọba ìbílẹ̀ ju ẹyọ kan lọ nínú ìlú kan ṣoṣo. Ẹ̀yin ní ti Ìlà-Oòrùn àti ti Ìwọ̀-Oòrùn. Lọ́dọ̀ wa, gọ́tà kan wà tó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ káńsù kan tó parí sábẹ́ ìkejì. Àwọn tòkè gbẹ́ tiwọn mọ́, inú wọn dùn. Àwọn tìsàlẹ̀ ò gbẹ́ tiwọn. Gbogbo omi òkè wá ń sáré wá bá àwọn ará ìsàlẹ̀ nílé. Ọ̀rọ̀ náà ò níyanjú títí àwọn wolé-wolé káńsù méjèèjì fi jọ fẹsẹ̀ rìn gọ́tà náà láti òkè dé odò, tí wọ́n sì dá ọjọ́ iṣẹ́ kan náà.

Akọ̀wéÀdúgbò

Ọmọ Ifẹ̀, ìbéèrè yìí wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Lẹ́yìn ilé ìyá àgbà yẹn, gọ́tà náà sọdá sí ọ̀dọ̀ káńsù kejì kó tó dé odò. Kò sì sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ yẹn. Pẹ̀lú ohun tí Bàbá sọ pé ìsàlẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, a jẹ́ pé ọ̀dọ̀ káńsù kejì ló yẹ kí ṣọ́bìrì àkọ́kọ́ ti wọlẹ̀. Ìwé méjì la máa kọ nìyẹn.

AmòfinKékeré

Ẹ kọ méjèèjì, kí ẹ fi ẹ̀dà ọ̀kan ránṣẹ́ sí ìkejì, kí káńsù kọ̀ọ̀kan mọ̀ pé èkejì ti gbọ́. Fọ́tòkọ́pì ni kí ẹ mú dání lọ. Ẹ ní kí akọ̀wé tó gbà á lu òǹtẹ̀ sára rẹ̀, kó kọ ọjọ́ sí i. Ìwé tí kò lóǹtẹ̀, wọ́n lè sọ pé àwọn ò rí i.

Bí ó bá pẹ́ tí wọn ò fèsì, òfin òmìnira láti béèrè ìwé ìjọba wà láti ọdún 2011. Ẹ lè fi béèrè ẹ̀dà ìwé iṣẹ́ gọ́tà náà: ta ni wọ́n gbé e fún, èló ni, kí ló wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ 7 ni òfin fún wọn láti dáhùn. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ bóyá kíkó ẹrẹ̀ wà nínú owó náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀ o. Ẹ kọ́kọ́ kọ ìwé pẹ̀lẹ́.

Akọ̀wéÀdúgbò

Mo ti kọ ọ́. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò:

“Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀. Ẹ̀dà sí káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa, sí ọ̀gá ẹ̀ka ìmọ́tótó àyíká, àti sí alága ìjọba ìbílẹ̀ kejì.

Àwa ẹgbẹ́ onílé dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún ìpàdé tí ẹ pè wá sí àti fún ìpinnu tí ẹ kà fún wa. Lórí gọ́tà ńlá ẹ̀yìn ọjà, a fẹ́ kí ẹ jọ̀wọ́ kọ̀wé sọ ọjọ́ tí iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀ fún wa. Kí ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu odò, pẹ̀lú àjọsọ káńsù kejì. Kí típà kó ẹrẹ̀ kúrò ní ọjọ́ kejì tí wọ́n bá wà á, lọ sí ààtàn tí ẹ̀ka ìmọ́tótó fọwọ́ sí, kì í ṣe etí odò. Kí wọ́n la ihò abẹ́ títì, kí ẹ má sì san owó ìkẹyìn fún agbaṣẹ́ṣe kí wolé-wolé yín àti aṣojú wa tó jọ wò ó.

Àwọn tó ń pàtẹ lórí gọ́tà ti ṣetán láti pa ọjà tì ní ọjọ́ iṣẹ́. A bẹ̀ yín kí ẹ fi pẹpẹ tó ṣeé ṣí rọ́pò kọnkéré tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì wá ààyè nínú ọjà fún àwọn tó wà lórí ihò abẹ́ títì kí ẹ tó ní kí wọ́n dìde.

Lórí ilé ìwé, àwọn ọlọ́kadà ti fi ibòmíràn tí wọ́n lè dúró sí hàn. A fẹ́ kí ẹ rán ẹnì kan wá wò ó. Lórí iná, kí ẹ yẹ bátìrì wò kí ẹ tó ra tuntun, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà sára òpó.”

ÌyáAláṣọ

Ẹ fi kún un pé kí wọ́n sọ ọjọ́ iṣẹ́ náà fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kó má bọ́ sí ọjọ́ tí ọjà ń kún. Ìyálọ́jà wa ní òun á fọwọ́ sí ìwé náà.

BàbáWoléWolé

Ó dára púpọ̀. Ẹ fi àwòrán sí i. Ẹ ya ti òkìtì ẹrẹ̀ ọdún tó kọjá tó ṣẹ́ kù sétí gọ́tà, ẹ ya ti ihò abẹ́ títì láti apá méjèèjì. Ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ yà á sẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá tó bá wà ní ẹ̀ka yẹn nísinsìnyí lè jẹ́ ẹni tí mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n wolé-wolé tó bá rí àwòrán yẹn máa mọ ohun tó túmọ̀ sí lójú ẹsẹ̀.

Akọ̀wéÀdúgbò

Mo ti fi ti ìyálọ́jà kún un, mo sì ti ya àwòrán. Ọ̀la la máa tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ Ajé, láago mẹ́sàn-án àárọ̀, mo máa wà lẹ́nu ọ̀nà sẹkitéríàtì tiwa, bí wọ́n bá ti gbà á níbẹ̀ a máa sọdá sí ìkejì. Káńsẹ́lọ̀ wa ti gbé ìpè mi, ó ní òun máa bá wa wọlé. Mo fẹ́ kí ẹnì kan ṣojú ọjà, kí ẹnì kan ṣojú ọlọ́kadà, kó má dà bíi pé àwa onílé nìkan lọ̀rọ̀ kàn.

ÌyáAláṣọ

Mo ń bọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí ni kí ẹ ti dúró dè mí.

ỌmọÌjẹ̀ṣàÈkó

Mo ti fi owó típà méjì náà sínú àkáǹtì ẹgbẹ́ onílé. Bí káńsù bá kó ẹrẹ̀ fúnra wọn, kí ẹ fi ṣe pẹpẹ fún ẹnu ọ̀nà ìyá àgbà.

Ọlọ́kadàErejà

Alága ẹ̀ka wa ní kí n lọ, èmi àti ẹnì kan. A máa gbé yín dé káńsù kejì, ẹ ò ní san owó.